Ìgò Kékeré Tí Wọ́n Ń Tà Ní Mile 12

Ẹni tí kò bá tíì dé ọjà Mile 12 kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kò tíì mọ ibi tí ọbẹ̀ Èkó ti ń wá. Láti Òkè Ọya ni àwọn tírélà ti ń kó tòmátì, ata àti àlùbọ́sà wá, ìrìn tí ó tó bí 1,000 kìlómítà láti Kánò. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lójú títì Ìkòròdú, òórùn tòmátì tí ó ti rà ni yóò kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀, kí aláàárù tó fi apẹ̀rẹ̀ gbá yín ní èjìká.

Olùkọ́ ni èmi ní Ìkòròdú, n kì í ṣe oníṣòwò. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Wálé, ń ta ata níbẹ̀, ó sì bẹ̀ mí ní ọjọ́ Sátidé kan pé kí n sin òun dé Mile 12, nítorí pé bọ́ọ̀sì tí òun fi owó àjọ ọdún mẹ́ta rà ń ṣe wọ́nranwọ̀nran. Kò tíì ju oṣù méjì lọ tí ó rà á. Láti Májídùn ni ó ti ń wúkọ́. Nígbà tí a ó fi dé Owódé Onírin, èéfín rẹ̀ ti bo gbogbo ọkọ̀ tí ó wà lẹ́yìn wa, èpè ni wọ́n sì fi ń kí wa. Agbára káká ni a fi dé ọjà.

Lẹ́bàá títì ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan to ọjà rẹ̀ sí lórí tábìlì: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì bíréèkì, àti ìgò kékeré oríṣiríṣi. Kò wo inú ẹ́ńjìnnì wa rárá.

"Ìyá mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ da èyí sínú epo, yóò fọ ẹ́ńjìnnì yín mọ́ tónítóní. Èyí tí ó ki yìí, inú ọ́ìlì ni ẹ ó dà á sí. Èéfín yóò pòórá kí ẹ tó délé."

Owó ìgò méjèèjì tó ti apẹ̀rẹ̀ ata kékeré kan. Ẹ̀gbọ́n mi san án lójú ẹsẹ̀. Èmi ni mo ní kí a kọ́kọ́ fi ọkọ̀ náà han mẹ́káníìkì àgbà kan tí ó wà ní apá Kẹ́tu.

Baba náà gbé ìgò wa sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì yọ pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mẹ́ta gbẹ. Ẹ̀kẹrin tutù, ọ́ìlì ń kán lára rẹ̀.

"Olùkọ́, ẹ wò ó," ni ó wí. "Oògùn inú epo yìí kì í ṣe irọ́. Epo a máa fi ìdọ̀tí sílẹ̀ lójú ihò tín-ín-rín tí ó ń fọ́n ọn fún ẹ́ńjìnnì, tí àwa ń pè ní nọ́sù. Bí ó bá jẹ́ pé èyí nìkan ni, oògùn tí ó dára a máa fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ bá ti ń jo epo náà. Ṣùgbọ́n ríìnnì tí ó yí písítìnnì ká ni ó jẹ ní tiyín, ọ́ìlì sì ń gba ibẹ̀ gòkè lọ jóná. Oògùn wo ni ó lè mú irin tí ó ti jẹ hù padà?"

Ó ní òun bẹ̀rù àwọn tí ń da oògùn ìfọ̀ sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí ó ti gbó jù wọ́n lọ: ẹrẹ̀ dúdú tí ó ti sùn sí ìsàlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ lè ya lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó dí asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà gòkè. Ó rán wa létí oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí epo bẹntiróòlù tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè wa láti òkè òkun, tí ìjọba ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà. Ó ní àwọn tí ọkọ̀ wọn kọṣẹ́ ń ra ìgò kiri, nígbà tí ó jẹ́ pé kí wọ́n fa epo náà dànù ni ó yẹ wọ́n.

Èmi náà fẹ́ fi ìwé mi hàn. Mo ní òjé ni àwọn ará Amẹ́ríkà kan rí ní 1921 tí wọ́n fi ń mú kí ẹ́ńjìnnì má ṣe lu ara rẹ̀, ayé gbà á, májèlé ni, ìbẹ̀rẹ̀ 2006 ni ìhà tiwa ní Áfíríkà tó jáwọ́ nínú rẹ̀. Baba kò dá mi lóhùn. Ó ti fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ, ó fi ìka méjì pa á. Ó ń fà bí oyin.

"Ìyá Wálé, irú èyí tí ẹ rà lónìí ni wọ́n ti dà sí i kí wọ́n tó tà á fún yín. Ọ́ìlì tí ẹ ń bù lé e ni ó là á, tí èéfín fi jáde."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lórí táyà. Ó ní ẹni tí ó tà á fún òun kìlọ̀ pé kí òun má pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ títí di oṣù mẹ́ta, òun sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà.

Dẹ́rẹ́bà wa wá sún mọ́ ọn. "Ìyá, ẹ jẹ́ kí á da ìgò yìí náà sí i, kí á gbé e tà. Ṣebí bí wọ́n ti ṣe fún yín nìyẹn."

Mo jẹ́wọ́ fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé mi, pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mo mọ iye tí owó ilé-ìwé Wálé jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi wo ọkọ̀ náà títí.

"Ta ni yóò rà á?" ni ó bi í. "Ẹlòmíràn tí ó dá àjọ bíi tèmi ni."

Ó bi baba ní iye tí iṣẹ́ náà yóò gbà. Nígbà tí wọ́n ná an tán, ìdajì owó tòmátì ló fi sílẹ̀, apẹ̀rẹ̀ méjì ni a sì rà dípò márùn-ún. Ọmọkùnrin ọlọ́jà gba ìgò tí ó ki padà, ṣùgbọ́n ó yọ nínú owó rẹ̀. Baba ní kí a fi èkejì pamọ́ títí tí iṣẹ́ yóò fi parí.

Bọ́ọ̀sì elérò ni ó gbé wa padà, omi tòmátì ń kán sí bàtà mi. Ní Májídùn, ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ mí pé kí n má ṣe sọ fún ọkọ òun títí ọkọ̀ náà yóò fi jáde. N kò sì tíì sọ fún un títí di òní, àfi bí ó bá ra ìwé ìròyìn yìí.