Ojú Àlejò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìkìlọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka òwe yìí sí, pé kí àlejò má ṣe yára sọ ohun tí ó rò pé òun rí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó fínnífínní, òwe náà kò sọ pé ojú àlejò fọ́. Ojú wà níbẹ̀, ó sì mọ́ gaara. Àkókò ni ó kù. Àlejò tí ó bá pẹ́ tó, tí ó sì bá onílé ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ríran ní ọjọ́ kan. Orí èyí ni mo fẹ́ dúró lé láti sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù láti yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ àìgbowó ní ọdún kan gbáko, nítorí pé láti inú ilé mi ní Ajah ni ọ̀kan nínú wọn ti jáde lọ.

Ètò yìí kì í ṣe nǹkan àná. Ní ọdún 1920, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pierre Cérésole kó àwọn ènìyàn díẹ̀ jọ láti orílẹ̀-èdè mélòó kan, wọ́n sì lọ tún abúlé Esnes kọ́ nítòsí Verdun ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn ará Jámánì wà lára wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn tún ibi tí ogun ti bàjẹ́ ṣe. Ní 1958, Alec Dickson àti ìyàwó rẹ̀, Mora, dá ẹgbẹ́ VSO sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dickson kì í ṣe àjèjì sí wa, nítorí pé ó ti ṣe olórí ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Man O' War Bay, ní apá Kamẹrúùnù tí a ń ṣàkóso pọ̀ mọ́ Nàìjíríà nígbà náà. Ní 1961, àwọn Peace Corps ti Amẹ́ríkà dé. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní àwọn ọdún 1960 ṣì ń sọ ìtàn àwọn olùkọ́ òyìnbó tí irùngbọ̀n wọn kò tíì hù tán.

Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìrìn-àjò náà ń tọ̀: àwọn ni ó ń bọ̀, àwa ni à ń gbàlejò. Lóòótọ́, ní 1987, Nàìjíríà dá ètò Technical Aid Corps sílẹ̀, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, a sì ń rán àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ wa lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Karibíánì àti Pàsífíìkì. Ṣùgbọ́n kí ọmọ wa lọ yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún òyìnbó ní ilé òyìnbó kò tíì wọ́pọ̀. Ilẹ̀ Jámánì wà lára àwọn tí ó yí i padà. Ní 2008 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò weltwärts láti máa rán àwọn ọ̀dọ́ tiwọn jáde. Ní 2013, wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn kejì sílẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ láti Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà lè máa bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Láàárín kan náà, ní 2011, wọ́n dá fífi ipá gba ọmọkùnrin sí iṣẹ́ ológun dúró. Àwọn ọmọkùnrin tí kò fẹ́ gbé ìbọn ni ó máa ń lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àti ilé àwọn arúgbó tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìyẹn parí, ìjọba dá iṣẹ́ ìyọ̀ǹda-ara-ẹni mìíràn sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún náà, ó sì gba àjèjì láyè. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: àánú nìkan kọ́ ni ó mú wọn pe àwọn ọmọ wa. Iṣẹ́ wà nílẹ̀, ọwọ́ kò sì tó.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 ni ọmọ mi obìnrin lọ. Ó ti gboyè ní yunifásítì, ó ti sin ìlú tán. Ó kọ́ èdè Jámánì fún oṣù mélòó kan, ó ṣe ìdánwò rẹ̀, ó sì tò ní Victoria Island títí ó fi rí físà gbà. Ìpèsè tí wọ́n ṣe fún un kò ju ibùgbé, oúnjẹ, adójútòfò ìlera àti owó kékeré tí ó lè fi ra ọṣẹ àti káàdì fóònù. Nígbà tí ẹbí gbọ́, wọ́n pe ìpàdé lé mi lórí. Àbúrò bàbá mi ni ó béèrè pé, "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ṣé nítorí kí ọmọ lè lọ máa fọ ìdí arúgbó òyìnbó lọ́fẹ̀ẹ́ ni ẹ ṣe rán an lọ sí yunifásítì?" Mi ò rí èsì kan tí ó dára fún un ní ọjọ́ náà. Mo kàn sọ fún un pé ọmọ náà ni ó fẹ́ lọ.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú kékeré kan ní gúúsù Jámánì ni wọ́n fi í sí. Agogo márùn-ún àbọ̀ òwúrọ̀ ni ó ń jí. Ó ń ran àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ láti wẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà, ó ń gbé búrẹ́dì, wàràkàṣì àti kọfí fún wọn, ó ń ti kẹ̀kẹ́ arọ wọn lọ sí ọgbà ìtànná nígbà tí oòrùn bá yọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, ó wọ inú yàrá oúnjẹ, ó rí nǹkan bí ogún àgbàlagbà tí wọ́n jókòó yí tábìlì ká, ó sì kúnlẹ̀ láti kí wọn. Nọ́ọ̀sì méjì ni ó sáré wá gbé e dìde. Wọ́n rò pé òòyì ni ó gbé e.

Ọ̀rọ̀ èdè tilẹ̀ tún ya èmi tí mo ń fi èdè jẹun lẹ́nu. Jámánì ní ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ọ̀wọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ní in. Bí a ti ń lo "ẹ" fún àgbà, tí a sì ń lo "o" fún ẹgbẹ́ àti ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní "Sie" àti "du". Inú ọmọ mi dùn nígbà tí ó kọ́ èyí, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì kan tí ó tó ẹni ọgọ́ta ọdún sọ fún un pé kí ó máa pe òun ní "du", kí ó sì máa fi orúkọ tí wọ́n sọ òun pe òun, ahọ́n rẹ̀ kọ̀. Ọjọ́ orí ni ó ń darí "ẹ" lọ́dọ̀ wa. Bí ènìyàn bá ti ṣe súnmọ́ra tó ni ó ń darí "Sie" lọ́dọ̀ tiwọn. Ohun tí nọ́ọ̀sì náà nawọ́ rẹ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ ni ọmọ mi gbọ́ gẹ́gẹ́ bí àrífín. Irú aṣọ kan náà ni àwọn méjèèjì wọ̀, ṣùgbọ́n ìránṣọ rẹ̀ yàtọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó kọ̀wé sí mi lórí fóònù pé: "Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ènìyàn yìí ti kó àwọn òbí wọn dà sí ibì kan, wọ́n sì ti gbàgbé wọn. Wọn kò ní ìfẹ́." Bí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ náà, nǹkan tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù Kẹwàá ọdún 1961 ni ó sọ sí mi lọ́kàn. Margery Michelmore, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, wà lára àwọn Peace Corps tí wọ́n kọ́kọ́ dé sí University College. Ó kọ pósíkáàdì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó ṣàlàyé bí ìyà àti àìlajú tí òun rí ṣe ya òun lẹ́nu tó, àti bí ó ti jẹ́ pé ojú títì ni àwọn ènìyàn ti ń ṣe gbogbo nǹkan. Káàdì náà já bọ́ kí ó tó dé ilé ìfìwéránṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí i, wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n pín in, inú sì bí gbogbo ọgbà. Wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, ọmọbìnrin náà sì padà sí ilé.

Ẹ kíyè sí i pé Michelmore kò purọ́. Àwọn ènìyàn ń dáná ní ẹ̀bá títì ní Ìbàdàn lóòótọ́. Ohun tí kò tíì rí ni pé obìnrin tí ó ń dín àkàrà ní ẹ̀bá títì ń fi rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé, àti pé iwájú ilé tí ó rò pé àwọn ènìyàn kàn jókòó sí lásán ni a ti ń parí ìjà tọkọtaya. Ìwé tí ọmọ mi kọ sí mi kò yàtọ̀ sí káàdì yẹn. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé tirẹ̀ kò já bọ́. Mo fi òwe àlejò ránṣẹ́ sí i, mi ò sì fi ọ̀rọ̀ kankan kún un.

Ó tó oṣù márùn-ún kí ó tó fún mi lésì. Ìyá ẹni ọdún mọ́kànléláàdọ́rùn-ún kan wà ní ilé náà tí ó máa ń fi orúkọ ọmọ tirẹ̀ pè é. Ọmọ ìyá náà ń wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Àìkú, pẹ̀lú kéèkì tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Òun ni ó sọ fún ọmọ mi pé ọdún mẹ́jọ ni òun fi tọ́jú ìyá òun nínú ilé, títí ìyá fi ṣubú ní òru lẹ́ẹ̀mejì, àti pé ìyá fúnra rẹ̀ ni ó ní kí wọ́n mú òun lọ. Ọmọ mi wá mọ̀ pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ó nílò ìtọ́jú ní Jámánì ni ó wà nínú ilé wọn, tí ó sì jẹ́ pé ẹbí ni ó ń tọ́jú wọn. Ó mọ̀ pé láti 1995 ni òfin ti ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa dá owó adójútòfò sílẹ̀ nítorí ọjọ́ tí wọn kò ní lè dá wẹ̀ mọ́. Ilé tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni ó fi wọn gbogbo ìlú. Síbẹ̀ kò wá sọ pé ohun gbogbo dára. Ó rí àwọn tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wò ní odindi ọdún náà. Ṣùgbọ́n kò sọ mọ́ pé "wọn kò ní ìfẹ́."

Ojú tí ó gbé padà wá ní 2018 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wo Ajah, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti kan èmi náà. Nígbà tí Ajah, Badore àti Lángbàsà ṣì jẹ́ abúlé apẹja, àgbàlagbà a máa jókòó sí iwájú ilé, a sì máa kí ẹni tí ó ń lọ àti ẹni tí ó ń bọ̀. Lónìí, ẹ́sítéètì ni ó pọ̀ jù. À ń kó àwọn òbí wa wá láti Ẹ̀pẹ́, láti Ìjẹ̀bú, láti Èkìtì, a sì ń fi wọ́n sí ẹ̀yìn ògiri gíga tí wáyà wà lórí rẹ̀. Agogo márùn-ún òwúrọ̀ ni ọmọ ti ń jáde nítorí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ní òpópó Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, tí afárá tí a ṣí ní Ajah ní 2017 kò mú kúrò pátápátá. Ó di agogo mẹ́sàn-án alẹ́ kí ó tó wọlé. Ọmọ-ọ̀dọ̀ àti tẹlifíṣọ̀n ni ó ń bá àgbà gbé. Ìyá mi wà lára àwọn àgbà bẹ́ẹ̀. A máa ń sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. A kì í béèrè wákàtí tí ọmọ fi ń wà nílé láti fún un ní ọmú.

Ọmọ mi kò wàásù fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn pinnu pé ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, òun yóò máa lo wákàtí méjì lọ́dọ̀ bàbá kan tí ó ń gbé ní ilé kẹta sí tiwa, tí gbogbo ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun. Ní ọjọ́ kìíní, mẹ́gáàdì kò ṣílẹ̀kùn fún un. Ní ọjọ́ kejì, ó wọlé, bàbá náà sì bi í léèrè pé, "Ta ni ó rán ọ? Èló ni wọ́n ń san fún ọ?" Nígbà tí ó ní kò sí ẹni tí ó rán òun, ẹ̀rù ba bàbá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo ti rò ó pé kí ló dé tí ìbéèrè yẹn kò dìde ní Jámánì. Kì í ṣe pé àwa kò mọ iṣẹ́ àìgbowó. A ní ọ̀wẹ̀, a ní àáró. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí wọ́n mọ ara wọn ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́: o ro oko mi lónìí, n ó ro tìrẹ lọ́la, àna bẹ àna lọ́wẹ̀, wọ́n jọ jẹ iyán. Nínú ẹ́sítéètì tí ẹnì kan kò mọ orúkọ ẹnì kejì, àáró kò ní ilẹ̀ tí yóò hù sí. Ẹni tí ó bá wá ṣe ọ́ lóore níbẹ̀, olè tàbí ajíhìnrere ni o máa pè é. Ohun tí àwọn òyìnbó ṣe ni pé wọ́n wá orúkọ, òfin àti ìwé-ẹ̀rí fún oore sí ẹni tí a kò mọ̀. Ó lè dà bí ohun tútù lójú wa, ṣùgbọ́n ó ń ṣí ìlẹ̀kùn.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Lẹ́kí àti Ajah ń wá ètò yìí nítorí àtijápa. Nínú àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mi, àwọn méjì kò padà; wọ́n wọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún. Mi ò bá wọn wí, nítorí pé ẹni tí ó wà nílé mọ ìdí tí ọmọ fi ń wo ojú ọ̀nà. Ìmọ̀ràn kan ni mo ní fún ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, ì báà padà, ì báà má padà: kí ó kọ pósíkáàdì rẹ̀, kí ó sì fi sí àpótí fún oṣù mẹ́fà kí ó tó fi ránṣẹ́. Bí ó bá dé ilé, kí ó tún kọ òmíràn nípa wa.

Ní oṣù Keje ọdún 2019, òjò ńlá rọ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan, omi sì bo òpópónà wa dé orókún. Ọmọ mi kò lè jáde. Nígbà tí ó di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mẹ́gáàdì ilé kẹta kan ìlẹ̀kùn wa, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, omi ń ṣàn lára rẹ̀. Ó ní bàbá ni ó rán òun, pé kí òun wá wò ó bóyá ara ọmọ náà kò yá.