Ìsinmi Òjò Ló Ń Pa Ẹ̀rọ Ìfami Wa

Ní ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́, láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, ẹni tí ó bá gbin tòmátì, ata tàbí tẹ̀tẹ̀ sí etí odò kò ní olùrànlọ́wọ́ tí ó ju ẹ̀rọ ìfami rẹ̀ lọ. Ọjọ́ mélòó kan láìsí omi nínú oòrùn àti ọyẹ́ ti tó fún ewé láti rọ àti fún òdòdó tòmátì láti wọ́ dànù. Síbẹ̀, lọ́dọọdún, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ gan-an ni mo máa ń rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń fa okùn ẹ̀rọ títí apá wọn yóò fi fẹ́ já, tí ẹ̀rọ kò sì dá wọn lóhùn. Ẹ̀rọ tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa ní oṣù Kẹta, tí ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn láti ìgbà náà, kí ló wá ṣe é?

Ìsinmi náà ló ṣe é. Ó pẹ́ tí mo ti ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe fún ara mi àti fún àwọn aládùúgbò, mo sì lè sọ pé iṣẹ́ kì í pa wọ́n tó bí ìjókòó ṣe ń pa wọ́n.

Àbúrò mi tí ń gbé ní Québec ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa nìkan. Níbẹ̀, yìnyín a máa bo ojú ọ̀nà ilé mọ́lẹ̀, wọ́n sì ní ẹ̀rọ kan tí ń mu epo, tí ń họ yìnyín náà tí ó sì ń fẹ́ ẹ dà sí ẹ̀gbẹ́. Souffleuse ni wọ́n ń pè é. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ ìfami: sílíńdà kan, okùn kan, búújì kan, kabúrétọ̀ kan. Bí òtútù bá lọ ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, wọ́n á gbé e sinmi di oṣù Kọkànlá. Oṣù Kẹrin yẹn náà ni òjò ń dá tiwa dúró. Ní ọjọ́ tí yìnyín àkọ́kọ́ já lulẹ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ kọ̀, ó pè mí. Ọ̀sán ti pọ́n níbí, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ wò?"

Mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìbéèrè tí ìyá kan bi mí ní Kaboua ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú nìyẹn.

Epo kì í wà títí bí a ṣe rà á. Lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, apá tí ó fúyẹ́ nínú rẹ̀ á ti fò lọ, ìyókù á sì máa dì bí oje igi. Ihò kan wà nínú kabúrétọ̀ tí epo ń gbà kọjá, tí kò fẹ̀ tó mìlímítà kan. Oje díẹ̀ ti tó láti dí i pa.

Ọ̀pọ̀ á sọ pé kpayo ló fà á. N kò gbà pé gbogbo ẹ̀sùn náà tọ́ sí i: epo tí a rà nílé epo pàápàá yóò di oje bí a bá fi í sínú kabúrétọ̀ fún oṣù méje, ẹ̀rọ àbúrò mi sì jẹ́rìí sí i. Ohun tí kpayo fi burú ni ìrìnàjò rẹ̀, láti kẹ́ẹ̀gì dé ìgò, tí omi àti iyanrìn ń bá a rìn. Láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ lórí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó rẹ̀ ti gun òkè lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú, kò sì yẹ kí a fi ba ẹ̀rọ jẹ́. Kí ẹni tí ó bá rà á jẹ́ kí ó tòrò di ọjọ́ kejì. Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ni yóò wà. Kí ó rọra da ti òkè, kí ó sì fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ.

Bí ẹ̀rọ bá kọ̀, ohun tí kò ná wa lówó ni kí a kọ́kọ́ wò. Ṣé ẹnu ọ̀nà epo ṣí? Ṣé ìdérí táǹkì ń mí? Ihò kékeré wà lára rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí eruku bá dí i, ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á sì kú. Lẹ́yìn èyí, kí a fa okùn bí ìgbà mẹ́wàá, kí a sì yọ búújì. Bí ó bá gbẹ, epo kò dé ibẹ̀, kabúrétọ̀ ni kí a dojú kọ. Bí ó bá rin fún epo, epo ti pọ̀ jù tàbí iná ni kò ṣẹ́: kí a nù ún, kí a jẹ́ kí ó gbẹ, kí a sì wo àlàfo ẹnu rẹ̀, tí ó sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 0.7 sí 0.8.

Ìyá Kaboua yẹn, mekaníkì kan ti sọ fún un pé kí ó lọ ra kabúrétọ̀ tuntun. Owó tí ó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ni ó fi ra irúgbìn, ìwọ̀nba tí ó kù kò sì ju ti epo lọ. Tòmátì rẹ̀ ti ń yọ òdòdó. Nígbà tí mo dé etí odò, mo rí i pé ẹ̀rọ náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé e sórí ilẹ̀ títẹ́jú."

"Ọmọ mi, ṣé ìyẹn náà ni oògùn rẹ̀?"

Ìyẹn ni. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì wọ̀nyí ní ẹ̀ṣọ́ kan nínú tí ń pa iná búújì nígbà tí òróró ẹ́ńjìnì bá lọ sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá fì, òróró á ṣàn kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́ náà, òun á sì rò pé ó ti tán. A fi ọkọ́ tẹ́ ilẹ̀, a fi òróró díẹ̀ kún un, ẹ̀rọ náà sì dáhùn nígbà kejì tí mo fa okùn. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í gbà ju nǹkan bí ìlàjì lítà òróró lọ. Kí a pààrọ̀ ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn wákàtí 20, kí a sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí ọgọ́rùn-ún.

Ní àkókò ọyẹ́, asẹ́ afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ pẹ́ láìfọ̀. Èyí tí ó jẹ́ fóòmù, omi ọṣẹ ni a fi ń fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ dáadáa, kí a sì fi òróró díẹ̀ pa á. Eruku tí ó bá kọjá asẹ́ yóò máa ha inú sílíńdà bí iyanrìn ṣe ń ha irin, ìyẹn kò sì ṣeé fọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ọ̀dọ́. Ẹ má ṣe tan ẹ̀rọ elépo nínú yàrá, ì báà ṣe amúnáwá: afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Mo kìlọ̀ fún àbúrò mi pẹ̀lú pé bí yìnyín bá dí ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó pa á, kí ó sì fi igi tú u, kó má fi ọwọ́ rẹ̀ tú u.

Àwọn baba wa kì í gbé ìbọn kọ́ sí àjà láìnù ún. Bákan náà ni mo ń ṣe ní oṣù Kẹrin. Mo ń ti ẹnu ọ̀nà epo, màá jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, màá tú bóòtù ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀ kí èyí tí ó kù lè dà jáde. Màá yọ búújì, màá kán òróró díẹ̀ sí ojú ihò rẹ̀, màá sì rọra fa okùn títí yóò fi le lọ́wọ́ mi. Omi inú ẹ̀rọ náà á dà nù. Aṣọ ni mo fi ń bò ó, kì í ṣe ọ̀rá, kí ọ̀rinrin má baà há sí abẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá, epo tuntun ni mo ń rà, mo sì ń fi omi kún ikùn ẹ̀rọ kí n tó fa okùn, nítorí pé bí ó bá yí láìsí omi nínú rẹ̀, kò ní pẹ́ tí ohun tí ń dí omi lẹ́bàá ọ̀pá rẹ̀ yóò fi jóná.