Wọ́n Ní Ọmọ Náà Ń Kówó Jẹ, Àṣé Ìdọ̀tí Ló Há Máṣíìnì Lọ́fun!

Bí ẹ bá dé ọjà Gbági tuntun tó wà lójú ọ̀nà Ifẹ̀ n'Íbàdàn lónìí, tí ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ìyá aláṣọ kan àti ọmọkùnrin tó ń bá a fi máṣíìnì gbé ọjà fáwọn oníbàárà, ẹ̀rín ni wọn yóò fi dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n lóṣù kẹsàn-án ọdún 2024 tí ọ̀rọ̀ náà ń gbóná lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n fa ọmọ ọlọ́mọ dé àgọ́ ọlọ́pàá. Díẹ̀ náà ló sì kù kí tírélà sọ ọ́ dèrò ọ̀run.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ìyá aláṣọ kó àjọ, ó fi owó náà ra Honda 125 tòkunbọ̀ kan, irú èyí tí kò lo kabúrétọ̀, ìnjẹ́ṣọ̀n ló ń lò. Ọmọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélógún kan ló gbé e fún. Àdéhùn wọn ni pé yóò máa gbé aṣọ lọ fáwọn oníbàárà ìyá, yóò sì máa san ₦15,000 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí máṣíìnì yóò fi di tirẹ̀. Oṣù márùn-ún gbáko ló fi san án láìyẹ̀. Ìyá fúnra rẹ̀ a máa pè é ní "ọkọ mi" lójú gbogbo ọjà.

Àfi bó ṣe di oṣù kẹjọ. Epo bẹntiróòlù di ọ̀wọ́n gógó, ìlà ilé epo gùn bí ejò. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án sì fi máa wọlé, lítà kan ti kọjá ₦800 nílé epo. Ìyá rò ó pé bí ọmọ náà bá ń fi gbogbo ọjọ́ tò sílé epo, ìgbà wo ni yóò rí iṣẹ́ ṣe? Ó ní kó máa bù nínú epo tóun rà pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìnkùlé òun, èyí tóun ń lò fún jẹnẹrétọ̀. Àánú ló fi ṣe é, ọmọ náà sì dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí máṣíìnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe radarada. Bó bá wà lójú kan, á máa dún jẹ́jẹ́ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ti yí tọ́rótù, ìyẹn ibi ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n ń yí kí máṣíìnì lè sáré, kàkà kó gbéra, á kàn ṣe "hùùù", á wá lọ́ra bí ẹni tó ń ronú. Nígbà mìíràn, lẹ́yìn tó bá lọ́ra tán, á ṣàdédé fò síwájú. Bó bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Màpó, ọmọ náà á sọ̀ kalẹ̀, á máa tì í. Ẹrù tó ń gbé lẹ́ẹ̀mẹjọ lójúmọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹta. Lọ́sẹ̀ kan, ₦9,000 ló mú wá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ₦6,000.

Ẹnu ọjà kì í sinmi. Àwọn kan ń sọ fún ìyá pé, "Ẹ̀yin náà ẹ lajú yín. Máṣíìnì tó ń dún dáadáa yìí, kí ló ṣe é? Ọmọ yẹn ti rí obìnrin ni. Ó ń kówó yín jẹ." Ìyá kò fẹ́ gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Òun náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, ó gbọ́ bó ṣe ń dún, kò rí àbùkù kankan níbẹ̀.

Bàbá mẹkáníìkì tó ń bá wọn tún un ṣe ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Iṣẹ́ máṣíìnì ló fi kọ́lé, òun ló fi rán ọmọ níwèé. Tó bá jẹ́ ti kabúrétọ̀ ni, etí lásán ló fi ń mọ ohun tó ń ṣe é. Ó ní kí wọ́n ra púlọ́ọ̀gì, wọ́n rà á. Ó ní kọ́ìlì ni, wọ́n ra kọ́ìlì. Ó ní imú ìnjẹ́ṣọ̀n ló bàjẹ́, wọ́n ra tòkunbọ̀ rẹ̀. ₦68,000 ti wọlé lọ, máṣíìnì ṣì ń ṣe "hùùù". Ní ìkẹyìn, bàbá ní bùréènì ló kù, ìyẹn kọ̀ǹpútà inú rẹ̀. Owó bùréènì sì ju owó gbogbo ohun tí wọ́n ti rà lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni wàhálà dé góńgó. Ọmọ náà di aṣọ òfì ìgbéyàwó mọ́ ẹ̀yìn máṣíìnì, ó fẹ́ kọjá títì ní Ìwó Road. Ó rí tírélà lókèèrè, ó mọ̀ pé òun á ti kọjá kó tó dé. Ó yí tọ́rótù. Máṣíìnì ṣe "hùùù", ó dúró sójú títì gbagidi. Ọlọ́run ló ní kí awakọ̀ tírélà tètè tẹ bíréèkì. Ọmọ náà fò sílẹ̀, máṣíìnì ṣubú, òfì olówó ńlá bọ́ sínú omi gọ́tà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá dé ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì pẹ̀lú ìbínú. "Ẹ gbé máṣíìnì mi fún mi! Òfì èèyàn ni mo máa san báyìí. Ìwọ ọmọ yìí, tó bá jẹ́ pé o kówó mi jẹ, sọ fún mi, kí n mọ̀ pé olè ni mo gbà sílé."

Ọmọ náà kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ tó bó ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò jí kọ́bọ̀. Máṣíìnì ni kì í gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́."

Bàbá mẹkáníìkì wo orúnkún náà, ó wo ìyá, ó sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ìyá aláṣọ, ẹ fún mi lálẹ́ òní. Ọmọ kan kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀, ó ti wà l'Ékòó báyìí, irú máṣíìnì yìí ló ń tún ṣe. Mo máa bi í."

Ẹ̀yin òníṣẹ́ ọwọ́ mọ̀ pé nǹkan kékeré kọ́ nìyẹn. Kí ọ̀gá pe ọmọ tó fi pátákó nà rí, kó ní kó wá kọ́ òun níṣẹ́! Ṣùgbọ́n bàbá tẹ fóònù, ó sì gbé e síta kí gbogbo wọn lè gbọ́.

Ohun tí ọmọ Èkó kọ́kọ́ bèèrè ya gbogbo wọn lẹ́nu. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé bí ẹni tí ebi ń pa ló ń ṣe, àbí bí ẹni tó jẹun jù? Ẹ tú púlọ́ọ̀gì wò. Tó bá dúdú bí èédú, epo ló pọ̀ jù. Tó bá funfun, epo ni kò tó."

Bàbá tú u. Ó funfun bí ẹfun.

Ọmọ náà wá ṣàlàyé fún wọn. Ó ní kabúrétọ̀ dà bí ìyá olóúnjẹ tó ń fojú díwọ̀n. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń kọjá ni yóò máa fa epo lọ, ọwọ́ mẹkáníìkì ló ń tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe. Ìnjẹ́ṣọ̀n ní tirẹ̀ dà bí ẹni tó ń fi òṣùwọ̀n tà. Pọ́ńpù inú táńkì ń ti epo wá pẹ̀lú agbára. Àwọn sẹ́ńsọ̀ ń sọ fún bùréènì bí wọ́n ṣe yí tọ́rótù tó, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọlé tó, àti bí ara ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Bùréènì á wá pàṣẹ fún imú ìnjẹ́ṣọ̀n pé kó ṣí, kó pa dé. Tí pọ́ńpù kò bá rí epo tì, àṣẹ lásán ni bùréènì ń pa. Ẹ ò lè bu ọbẹ̀ tí kò sí nínú ìkòkò.

"Ṣùgbọ́n iná kò tàn," ni ìyá wí. Ó ti gbọ́ pé máṣíìnì náà ní iná tó ń sọ àìsàn rẹ̀.

Ọmọ Èkó ní òótọ́ ni. Nínú Honda irú èyí, tí sẹ́ńsọ̀ bá bàjẹ́, iná kékeré kan níwájú á máa ṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú gígùn kan dúró fún mẹ́wàá, kúkúrú kan dúró fún oókan. Kúkúrú mẹ́jọ ń tọ́ka sí sẹ́ńsọ̀ tọ́rótù, kúkúrú mẹ́sàn-án ń tọ́ka sí sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru afẹ́fẹ́, gígùn kan pẹ̀lú kúkúrú méjì ń tọ́ka sí imú ìnjẹ́ṣọ̀n. "Ṣùgbọ́n Màmá, wáyà àti sẹ́ńsọ̀ ni iná yẹn mọ̀. Kò mọ epo tó dọ̀tí. Pé iná kò tàn kò ní kí ara le."

Ló bá ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí kò gbówó. Wọ́n wo wáyà tọ́rótù bóyá ó dẹ̀ jù. Ó yẹ kó fì díẹ̀ kó tó fà, bíi mìlímítà méjì sí mẹ́fà. Ìyẹn dára. Wọ́n tú asẹ́ afẹ́fẹ́, wọ́n gbọn eruku rẹ̀. Wọ́n wo bátìrì, nítorí tí bátìrì bá rẹ̀, pọ́ńpù kò ní lágbára. Òun náà dára. Wọ́n ṣí kọ́kọ́rọ́ láìta á, wọ́n tẹ́tí sí táńkì. Pọ́ńpù dún "síìì" fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó dákẹ́. Ó wà láàyè.

Wọ́n wá yá géèjì lọ́wọ́ ríwáyà mọ́tò tó wà ládùúgbò. Wọ́n lé gbogbo ẹni tó ń mu sìgá jìnnà, wọ́n so géèjì mọ́ ọ̀nà epo. Nínú ọ̀pọ̀ Honda kékeré onínjẹ́ṣọ̀n, nǹkan bíi 43 psi ló yẹ kó wà níbẹ̀. Lójú kan, géèjì sún mọ́ ọn. Bí ọmọ náà ṣe yí tọ́rótù, abẹ́rẹ́ géèjì já wálẹ̀, kò dé ìdajì mọ́.

"Ẹ tú pọ́ńpù jáde," ni ọmọ Èkó wí. "Ẹ wo asẹ́ tó wà nídìí rẹ̀."

Asẹ́ tó yẹ kó funfun ti pupa ràkọ̀ràkọ̀, ìpẹtà ti dí i pa. Epo tó ń kọjá níbẹ̀ lè tó máṣíìnì nígbà tó bá wà lójú kan. Ìgbà tó bá bèèrè púpọ̀ ni kì í rí i. Bàbá bu epo inú táńkì sínú ìgò funfun, ó gbé e kalẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, epo lé sókè, omi sì jókòó sísàlẹ̀ pẹ̀lú ìpẹtà.

Ìyá aláṣọ tẹjú mọ́ ìgò náà. Ẹni tó ti ra epo pupa àti òróró lọ́jà fún ogójì ọdún kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìgò fún un. "Níbo lo ti ń ra epo?" ló bèèrè, ṣùgbọ́n kó tó sọ ọ́ tán ni ẹnu rẹ̀ ti pa mọ́.

Ọmọ náà dojú bolẹ̀. "Màmá, látinú dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé yín ni."

Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ lọ gbári. Dúrọ́ọ̀mù tó ti dógùn-ún, tí òjò ń rọ̀ lé lórí! Fóònù ló tún sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ má bínú o. Nọ́ọ̀tì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́rótù tí wọ́n fi ọ̀dà sàmì sí. Ṣé ẹ yí i?"

Bàbá mẹkáníìkì mí kanlẹ̀. "Mo yí i. Mo rò pé bíi ti kabúrétọ̀ ni."

"Ẹ dá a padà kí ọ̀dà méjèèjì fi kan ara wọn. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló ti wọ̀n ọ́n."

Wọ́n ra asẹ́ tuntun, wọ́n fọ táńkì, wọ́n fi omi ìfọ̀ tí wọ́n ń tà nínú agolo nu ẹnu tọ́rótù, wọ́n dá nọ́ọ̀tì padà, wọ́n sì rọ epo tó mọ́ sínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́rin owó tí wọ́n ti ná tẹ́lẹ̀. Ọmọ náà gùn ún lọ sí Màpó lóru yẹn, ó gun òkè náà láìsọ ẹsẹ̀ kalẹ̀.

Ìyá kò sọ pé "má bínú". Ẹ mọ àwọn àgbà wa. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ẹran tó pọ̀ ló gbé dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Ó ní gbèsè ọ̀sẹ̀ tí kò pé ti kúrò nílẹ̀, òun lòun ó sì san owó òfì. Ó wá dúró láàárín ọjà, níbi tí àwọn tó rojọ́ ọmọ náà wà, ó pè é ní "ọkọ mi" kíkankíkan kí gbogbo wọn lè gbọ́. Dúrọ́ọ̀mù náà kò sí lẹ́yìnkùlé mọ́. Wọ́n ti jẹ́ kó mọ̀ pé yàtọ̀ sí ìpẹtà, iná tó lè jó ilé àti ọmọ ló ń tọ́jú pamọ́.

Bàbá mẹkáníìkì dá owó iṣẹ́ rẹ̀ padà fún ìyá. Ó sì ní kí ọmọ Èkó wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ òun, kó kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ òun, kó sì kọ́ òun náà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé máṣíìnì fọ́mọ kó máa san owó díẹ̀díẹ̀, tó bá ní máṣíìnì kò gbọ́ràn, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo wáyà, asẹ́, púlọ́ọ̀gì, bátìrì àti epo kí ẹ tó ra ohunkóhun, kí ẹ sì tó pe ẹnikẹ́ni lólè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ló kù kí ọmọ Gbági yìí san tán nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ó san gbogbo rẹ̀ pé, kò sì pẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.