Etí Erin Aláwọ̀ Ẹtù

Ìyá elégbòogi náà gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e jìnnà sójú, ó tún sún un mọ́ra, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, ti inú ìkòkò nìyí. Ti àwọn tó ń ṣe ọṣẹ. Kì í ṣe èyí ni ìyá rẹ rán ọ."

Òótọ́ ló sọ. Àwòrán Aloe vera ni mo gbé hàn án, nítorí pé òun nìkan ni mo mọ̀. Inú ọjà Arzèkè la wà, ní àárín Parakou ní orílẹ̀-èdè Benin, lọ́jọ́ kejì tí mo dé ìlú náà. Eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo ọjà, àwọn tó ń ta iṣu sì ń fi aṣọ nu ojú ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú.

Màmá mi ló kó mi sí i. Kí wọ́n tó bí mi, òun àti bàbá mi gbé Parakou fún ọdún mélòó kan. Aṣọ ni bàbá mi ń tà, bí ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó gbé òwò lọ síbẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí màmá gbọ́ pé iṣẹ́ ń gbé mi lọ sí Kútọnu, ó ní kí n kúkú tẹ̀ síwájú dé Parakou, kí n bá òun wo etí erin ibẹ̀. Mo ní etí erin mà wà lẹ́yìnkùlé wa. Ó ní, "Ìyẹn kọ́. Èyí tó ní àmì lára bí ìyẹ́ ẹtù ni. Inú omi adìẹ la máa ń fi í sí." Ohun tó fẹ́ kí n fi í ṣe, kò sọ. Ó ṣáà ní kí n lọ wò ó.

Láti Kútọnu dé Parakou lé ní irínwó kìlómítà. Ọkọ̀ tí wọ́n ní yóò gbéra ní aago méje àárọ̀, aago mẹ́wàá kọjá kó tó kúrò nínú gáréèjì, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ wá. Ojú irin àwọn Faransé ń bá wa rìn lápá kan ọ̀nà. Kìlómítà 438 ni, Parakou ló sì parí sí. Wọ́n fẹ́ kó la ìlú já dé orílẹ̀-èdè Niger nígbà tí wọ́n ń ṣe é, kò débẹ̀. Láti Dassa ni àpáta ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, nígbà tí a sì dé Ṣábẹ̀ẹ́, ńṣe ni wọ́n dúró gbagidi lórí ìlú. Àwọn Faransé pè wọ́n ní ọmú Ṣábẹ̀ẹ́. Arábìnrin tó jókòó tì mí, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ gan-an, ní ẹni tó bá pè é ní ọmú kò tíì gun ún rí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọjà. Ìyá náà na ọwọ́ sí abẹ́ tábìlì, ó fa ewé mẹ́ta yọ nínú àpò kan. Ewé náà nípọn, kò gùn tó apá mi. Àmì funfun wà lára rẹ̀ láti ìdí dé orí.

"Òun nìyí. Ewé nìkan ni mo ní, igi rẹ̀ wà lóko."

Mo bi í bóyá oríṣi méjì ni etí erin ní, ti inú ìkòkò àti ti oko. Ó ní mẹ́ta ni. Ẹ̀kẹta ní ìdí bí àlùbọ́sà, òun ló dára jù fún inú rírun àti ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin. Mo ní kó fi hàn mí. "Ó ti wọlẹ̀ lọ sùn," ló wí. "Padà wá nígbà òjò."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé bí àwọn onímọ̀ ewéko ṣe kọ ọ́ náà nìyẹn. Aloe buettneri ni orúkọ tí wọ́n fún un, Alwin Berger ará Jámánì ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1905, ní ìrántí Richard Büttner tó ṣa ewéko jọ ní ilẹ̀ Togo nígbà tí Jámánì ń jọba níbẹ̀. Bí òjò bá ti lọ, ewé rẹ̀ á rọ, á gbẹ dànù, ìdí tó wú bí àlùbọ́sà nìkan ni yóò kù sínú ilẹ̀ títí òjò á fi padà. Ẹni tó bá wá a lásìkò ọyẹ́ yóò búra pé kò sí níbẹ̀. Èyí tó ní àmì lára ni Aloe macrocarpa. Agostino Todaro, olórí ọgbà ewéko Palermo ní Ítálì, ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1875. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju "eléso ńlá" lọ. Láti Ethiopia títí dé Mali ni wọ́n ti ń rí i, nínú ọ̀dàn àti lórí ilẹ̀ olókùúta. Ti inú ìkòkò, ilẹ̀ Lárúbáwá ló ti wá. Àjèjì ni, àmọ́ òun la mọ̀ jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ọmọ ẹ̀yà Baatonu kan tí ìyá náà mọ̀ fi alùpùpù gbé mi lọ. Ó ń sọ Yorùbá dáadáa, ó ní ọjà lòun ti kọ́ ọ. A ra epo inú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, a yà kúrò lójú títì, a gba àárín oko òwú kan kọjá. Igi ẹmì àti igi irúgbá ló kù lóko, wọ́n dá dúró níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ilẹ̀ yí padà lábẹ́ táyà. Yangí ni. Ilẹ̀ pupa fòò, tó le bí òkúta, tí ọkọ́ kankan kò lè wọ̀. Iná ìgbẹ́ ti jó apá kan rẹ̀, eérú ṣì wà nílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra gbẹ́sẹ̀," ló wí, "ẹ ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́."

Lóòótọ́, ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á. Àwọ̀ rẹ̀ ti pa pọ̀ mọ́ ti ilẹ̀. Oòrùn ti sọ ewé rẹ̀ di pupa rúsúrúsú, orí ewé kọ̀ọ̀kan ti gbẹ, ó sì ká wọnú. Kò ní igi ìdí, ilẹ̀ ló jókòó lé pẹrẹsẹ, ewé bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tò yí ara wọn ká. Mo kúnlẹ̀ tì í. Àmì ara rẹ̀ kì í ṣe róbótó bí mo ṣe rò. Ó gùn díẹ̀, bí ẹyọ ìrẹsì, wọ́n sì sún mọ́ra láwọn ibì kan débi pé wọ́n fẹ́ di ìlà tó dábùú ewé. Lára èwe rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àmì náà pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gún etí ewé mú bí eyín ayùn, ó sì fà mí lọ́wọ́ ya.

Ọ̀pá òdòdó rẹ̀ dé àyà mi nígbà tí mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Èso ti gbẹ lórí rẹ̀, ó ti là sí mẹ́ta. Nígbà tí mo gbọ̀n ọ́n, hóró pẹlẹbẹ já sí mi lọ́wọ́. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ló ṣì ní òdòdó, mẹ́rin péré, pupa. Ọ̀kọ̀ọ̀kan rí bí ìgò kékeré: ìdí rẹ̀ wú, ọrùn rẹ̀ fún, ẹnu rẹ̀ wá là. Ọmọ Baatonu náà ní kí n má fọwọ́ kàn án, pé ẹyẹ ẹlẹ́nu gígùn máa ń wá mu omi dídùn inú rẹ̀. A dúró díẹ̀, ẹyẹ kò wá.

Ó gé ewé kan. Omi pupa-bí-òyìn yọ lábẹ́ awọ rẹ̀, ó ń kán. Èmi aláṣejù, mo fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Ewúro kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀! Omi yìí ni ti ìgbẹ́ yíyà, kì í ṣe ọ̀rá tó mọ́ gaara láàárín ewé, èyí tí wọ́n ń fi pa ojú iná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pa méjèèjì pọ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an ti yọ omi aloe kúrò lára oògùn ìgbẹ́ tí èèyàn lè rà láìgba ìwé dókítà láti 2002. Kí aláboyún má sún mọ́ ọn rárá. Ní tèmi, mo sáré wọ igbó lẹ́ẹ̀mejì kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ náà sì ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo padà dé Arzèkè, ìyá elégbòogi ka iṣẹ́ rẹ̀ fún mi: egbò, eéwo, omi adìẹ nígbà tí àrùn bá wọ agbo, àti orí ọmú ìyá tó fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú. "Ẹ̀ẹ̀kan ni ọmọ á tọ́ ọ wò," ló wí, ó sì wo ojú mi bí ẹni tó ti gbọ́ ìtàn mi. Ti ìdí-àlùbọ́sà yàtọ̀. Àwọn olùwádìí ní Lomé ti dán an wò lórí ọgbẹ́ inú, lára eku. Ní ìwọ̀-oòrùn Cameroon, àwọn obìnrin ń pa á pọ̀ mọ́ ewé mẹ́ta mìíràn nítorí nǹkan oṣù àti àìrọ́mọbí, wọ́n sì ti gbé ìyẹn náà lọ sí yàrá ìwádìí. Síbẹ̀, ara eku kì í ṣe ara ènìyàn.

Mo bi í ìdí tó fi jẹ́ ewé nìkan ló ń tà. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ tó ń já a wá fún àwọn mìíràn lọ́jà máa ń hú u tìdítìdí, kí ẹrù lè wúwo, ibi tí òun ti ń já a nígbà tí òun wà lọ́mọge kò sì ní ẹyọ kan mọ́. Ẹni tó bá mú ewé mẹ́ta ìta tó sì fi àárín sílẹ̀ yóò bá a níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Nǹkan tí òun ń sọ fún àwọn oníbàárà òun nìyẹn, kì í sì í tà fún ẹni tó bá béèrè gbòǹgbò.

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, ó gbé èwe kan fún mi nínú ọ̀rá omi, pé kí n lọ gbìn ín fún ìyá mi. Ó dùn mí. Yàtọ̀ sí Aloe vera, gbogbo aloe ló wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ewéko àti ẹranko igbó, èèyàn kò gbọdọ̀ gbé e kọjá bodè láìgba ìwé àṣẹ, n kò sì ní ìwé kankan. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní, "Ṣé ewé ọ̀nà oko mi ni wọ́n ń béèrè ìwé fún?" ó sì gbà á padà.

Mo pe màmá láti inú gáréèjì. Mo ní mo rí i, bí ẹtù lóòótọ́, mo sì ní mo tọ́ ọ wò. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"O tọ́ ọ wò?" Ẹ̀rín gbà á. "Bàbá rẹ náà tọ́ ọ wò."