Iṣẹ́ tí A Kò Jẹ́

Ibà pọ́njú la sọ fún bàbá mi pé ó ń ṣe wọ́n. Ojú wọn ti pọ́n bí ìyeyè, ikùn wọn ti wú, irọ́ náà sì rọrùn láti gbà gbọ́. A ò jókòó gbìmọ̀ rẹ̀. Ní ọ́fíìsì dókítà ló ti ṣẹlẹ̀. Dókítà ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀ ni, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àrùn mẹ́dọ̀wú tó ti wà lára wọn láti ọdún pípẹ́ ló fà á, pé ó ti kọjá ohun tí iṣẹ́ abẹ lè mú kúrò. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Bàbá gbọ́ o." Àwa yòókù mirí. Bàbá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní òdìkejì ògiri, wọ́n ń retí kí a wá sọ ohun tí dókítà wí.

Ìfẹ́ ló bí irọ́ yẹn. Ìrònú lè pa aláìsàn kí àrùn tó rí i pa. Gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀. Àbúrò bàbá mi obìnrin tilẹ̀ kìlọ̀ fún wa pé ẹni tó bá dárúkọ ikú létí aláìsàn ti ránṣẹ́ pè é. Nítorí náà, láràárọ̀ la fi ẹ̀rín kí Bàbá, a ní, "Ara yín ti ń yá sí i," a sì jáde lọ sunkún nídìí mọ́tò.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá mi, ní Ìbàdàn. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n ń kan bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n pósí ni àdúgbò mọ̀ wọ́n mọ́. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ bá kú lóru, ilẹ̀kùn wa ló máa kọ́kọ́ kàn. Bàbá á dìde, wọ́n á fi omi bọ́jú, wọ́n á mú téèpù, wọ́n á tẹ̀ lé onítọ̀hún. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èmi ni mo máa ń bá wọn gbé tọ́ọ̀ṣì. Mi ò gbọ́ kí wọ́n pe ẹni tó wà nílẹ̀ ní òkú rí. "Ẹ jẹ́ kí n wọn ìyá," ni wọ́n máa ń sọ, bí ìgbà tí télọ̀ fẹ́ wọn èèyàn fún aṣọ. Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ yìí. Àní ọkùnrin yìí la rò pé ọ̀rọ̀ ikú á já láyà.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìsìnkú ni mo ka Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè, èyí tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2014. Abala 23 ní kí oníṣẹ́ ìlera sọ fún aláìsàn bí ara rẹ̀ ṣe rí, irú ìtọ́jú tó wà, ewu àti owó tó wà nínú rẹ̀, àti ẹ̀tọ́ tó ní láti kọ̀ ọ́. Ó ní kó jẹ́ ní èdè tó yé aláìsàn, bó bá ṣeé ṣe. Abala 26 wá ní àṣírí ni ọ̀rọ̀ ara aláìsàn. Àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí i, tàbí bí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ, àti àwọn ìdí díẹ̀ mìíràn. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn ni pé àwa gan-an ni kò yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Ọ̀rọ̀ Bàbá ni wọ́n gbé lé wa lọ́wọ́, a sì sọ ọ́ di tiwa. Ṣáájú òfin yẹn, ní ọdún 2001, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dá ẹjọ́ dókítà kan tí aláìsàn rẹ̀, obìnrin Ẹlẹ́rìí Jèhófà, kọ ẹ̀jẹ̀ títí ó fi kú. Ilé ẹjọ́ ní àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe fẹ́ gba ohun tí kò mọ̀, tàbí kó kọ̀ ọ́?

Òfin 2014 náà fi àyè kan sílẹ̀: bí ẹ̀rí tó lágbára bá wà pé gbígbọ́ rẹ̀ kò ní ṣe aláìsàn láǹfààní, dókítà lè dákẹ́. Mi ò fojú kéré àyè yẹn. Mo mọ ẹni tó gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ tó kọ oúnjẹ, tó kọjú sí ògiri títí ó fi lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí ò fi rọ̀ mí lọ́rùn títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí wo la ní nípa Bàbá? Ẹ̀rù tiwa la pè ní ẹ̀rù tiwọn.

Àwọn èèyàn máa ń ní kì í ṣe àṣà Yorùbá láti sọ fún ẹni tó ń kú lọ pé ó ń kú lọ, pé òyìnbó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò gbà mọ́. Ìyá tó bí bàbá mi ní àpótí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ òkè tí wọ́n fẹ́ kí a fi sin wọ́n ló wà níbẹ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń kó o jáde sá sóòrùn kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, àwa ọmọ-ọmọ la sì ń bá wọn tẹ́ ẹ sórí okùn. Àwọn àgbà ìgbà náà á nàka sí ibi tí wọ́n fẹ́ kí a sin àwọn sí. Wọ́n á pe ọmọ jọ, wọ́n á sọ gbèsè tí wọ́n jẹ àti èyí tí ẹlòmíràn jẹ wọ́n, wọ́n á súre. Ta ló lè súre ìkẹyìn nígbà tí a ti sọ fún un pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa padà sẹ́nu iṣẹ́? "Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú," àwọn babańlá wa náà ló wí bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn gbé ewé àti egbò sílẹ̀.

Nígbà tí ìrora dé ojú rẹ̀, nọ́ọ̀sì kan mú mọ́fíìnì olómi wá. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀. Ó ní oògùn olóró ni, pé á tètè pa Bàbá. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Bàbá fi ń kérora kí nọ́ọ̀sì tó fi sùúrù yí i lọ́kàn padà: ìwọ̀n kékeré ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, a ó máa fún wọn ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, a ò ní dúró kí ìrora kọ́kọ́ padà. Ohun tí Cicely Saunders, tó dá ilé ìtọ́jú St Christopher's sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1967, fi kọ́ àwọn dókítà nìyẹn. Anne Merriman, tó ti ṣiṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà rí, ló gbé mọ́fíìnì olómi tí kò wọ́n lọ sí Ùgáńdà ní ọdún 1993. Ní Ìbàdàn níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo wà lára àwọn tó jà fún irú ìtọ́jú yìí ní ilé ìwòsàn UCH. Mo dárúkọ wọn nítorí ohun tí mo fojú ara mi rí: nígbà tí ìrora lọ, bàbá mi ráyè sọ̀rọ̀.

Ohun tí wọ́n sì sọ ni pé kí a bá àwọn ránṣẹ́ sí ọmọṣẹ́ wọn àtijọ́ kan, tó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ọ̀yọ́. A ní a ti pè é, pé fóònù rẹ̀ ni kò wọlé. A ò pe ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà wá pé bó bá rí bí wọ́n ṣe rù, á bú sẹ́kún, àṣírí á tú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n béèrè rẹ̀. Ní ìgbà kẹta, wọ́n wo ojú mi pẹ́, wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. "Ó dáa" yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà ni wọ́n kú. A ra pósí olówó ńlá kan tí wọ́n kó wá láti òkè òkun, ọwọ́ ìdìmú rẹ̀ ń kọ yẹ̀rì bíi wúrà.

Ọmọṣẹ́ náà dé ní ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn ikú wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi, kò bá ẹnikẹ́ni bínú. Ó kàn mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá, ó gun àkàsọ̀, ó sì fa pákó ìrókò mẹ́rin jáde lókè àjà, gbogbo rẹ̀ gbẹ táútáú. Ó ní Bàbá ti rà wọ́n nígbà tí òun ṣì ń kọ́ṣẹ́, Bàbá sì ti bá òun sọ ọ́: bó bá tó àsìkò, wọ́n á ránṣẹ́ pe òun, àwọn méjèèjì á jọ kàn án, bí agbára ò bá sí lára wọn mọ́, wọ́n á jókòó, òun á máa kàn án lójú wọn.

Ó to àwọn pákó náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fọwọ́ nu eruku orí wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọn ò wá ránṣẹ́ ni?"

Mo ní wọ́n ránṣẹ́.