Àìsàn Kì Í Dúró Ní Ẹnubodè

 

Ìbéèrè kan kì í tán nípàdé wa ní Mushin: "Kí ló dé tí ìjọba ń rán dókítà lọ sílẹ̀ onílẹ̀, nígbà tí tiwa ò tó?" Ẹni tó tò lórí ìlà láti ìdájí, tí wọ́n wá ní oògùn ti tán, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ Ebola dáhùn.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, èrò ọkọ̀ òfuurufú kan gbé àrùn náà wọ Èkó láti Liberia. Ẹ rántí bí fóònù ṣe ń dún lóru pé ká fi omi iyọ̀ wẹ̀, ká sì mu ún. Iyọ̀ kọ́ ló gbà wá. Wọ́n ya àwọn aláìsàn sọ́tọ̀ ní Yábà, nílé ìwòsàn tí ẹ mọ̀ sí IDH, wọ́n sì ń tọpasẹ̀ àwọn tó fara kàn wọ́n láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900.

Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wa ló ṣe é. Dókítà Stella Adadevoh bá a lọ. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn dókítà MSF wá ràn wá lọ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbógun ti rọpárọsẹ̀, iṣẹ́ tí owó òkèèrè wà nínú rẹ̀, ni wọ́n kó wá sí Èkó. Ènìyàn 20 ló kó Ebola ní Nàìjíríà, 8 kú. Ní Liberia, Sierra Leone àti Guinea, àwọn tó kú lé ní 11,000.

Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Nàìjíríà rán àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó lé ní 100 lọ sí Liberia àti Sierra Leone. Ṣé ìfowóṣòfò ni? Bí àrùn náà bá ń jà níbẹ̀, èrò ọkọ̀ kan péré ló lè tún gbé e dé Ìkẹjà. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Ẹ jẹ́ ká máa bèèrè oògùn fún ilé ìwòsàn wa, kíkan kíkan. Ṣùgbọ́n ká má tìtorí rẹ̀ bú ìrànlọ́wọ́ tó ń lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò.

Bí ibà bá mú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé, ẹ má fi pamọ́. Ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ ibi tó ti ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín. Ire o.