Ojúewé Kan Nípa Ifọ̀

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà náà kò ju yàrá kan lọ, ní Mowe, nítòsí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló tò mọ́ ara ògiri. Lẹ́yìnkùlé, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ń kùn. Bí ohùn rẹ̀ bá ti lọ sókè ni fáànù orí àjà á yára, bó bá wálẹ̀, fáànù náà á rọra. Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ ilé-ìwé girama jókòó sídìí ẹ̀kẹta. Iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wà lórí itan: kí wọ́n kọ nípa ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ifọ̀ ló mú.

Ojúewé Wikipedia tó ṣí síwájú rẹ̀ funfun báláú. Ní igun òkè lápá òsì ni àwòrán ayé kan wà, eérú ni àwọ̀ rẹ̀, ègé kéékèèké ni wọ́n fi tò ó pọ̀, lẹ́tà èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì wà lára ègé kọ̀ọ̀kan. Òkè rẹ̀ là sílẹ̀. Àwọn ègé tó yẹ kó dí ibẹ̀ kò sí, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ya á ṣe fẹ́ ẹ.

Orúkọ ìlú wà lókè gàdàgbà, ìlà tín-ín-rín kan wà lábẹ́ rẹ̀. Dúdú ni ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e, àmọ́ búlúù fọ́n káàárín wọn. Ọ̀rọ̀ búlúù jẹ́ ilẹ̀kùn: tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ojúewé mìíràn á ṣí. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá pupa, ilẹ̀kùn wà ṣùgbọ́n kò tíì sí yàrá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì kọ ojúewé náà. Létí àwọn gbólóhùn kan, nọ́ńbà bíńtín kan gbéra sókè díẹ̀ lórí ìlà, bí eṣinṣin tó bà létí abọ́. Òun ló ń tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Iye ilẹ̀ àti iye ènìyàn kò jìnnà síra wọn lórí ojúewé náà. Ilẹ̀ jẹ́ 521 kìlómítà níbùú lóòró. Ènìyàn jẹ́ 524,837, gẹ́gẹ́ bí ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ṣe kà á. Nínú ìkànìyàn yẹn kan náà, Ọbáfẹ́mi-Òwódé, ìjọba ìbílẹ̀ tí Mowe àti Ibafo wà, ní 228,851. Nàìjíríà kò tíì ka ènìyàn mìíràn láti ìgbà náà. Wọ́n sún èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023 síwájú. Láàárín àkókò yìí, igbó ti di òpó iná àti ògiri búlọ́ọ̀kù láti Ibafo dé Mowe, ilé tí wọn kò tíì rẹ́ ti kún fún ayálégbé. Òótọ́ ni nọ́ńbà náà. Òótọ́ ọdún 2006 ni.

Lókè ojúewé, lápá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ kékeré méjì wà tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé kì í tẹ̀: "Wo ìtàn." Ìlà lórí ìlà ló wà níbẹ̀, tuntun lókè, àgbà nísàlẹ̀. Wákàtí àti ọjọ́ ló ṣáájú, orúkọ ẹni tó ṣàtúnṣe tẹ̀ lé e. Àwọn tí kò forúkọ sílẹ̀ láyé ìjọ́un, nọ́ńbà tí àmì ìdánudúró gé sí wẹ́wẹ́ ló dúró fún wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni iye tí wọ́n fi kún un, ní àwọ̀ ewé, tàbí iye tí wọ́n yọ, ní pupa. Ohun tí wọ́n parẹ́ pàápàá ṣì wà níbẹ̀. Ìwé mélòó ló ń jẹ́ kí a rí àpá ọ̀bẹ lára rẹ̀ báyìí?

Ní èdè Hawaii, wiki wiki ni kíákíá. Lára bọ́ọ̀sì pápákọ̀ òfurufú Honolulu ni Ward Cunningham ti mú orúkọ náà fún irú ìwé àjọkọ yìí ní 1995. Wikipedia dé ní 2001. Ti Yorùbá bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Lórí ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ wà tó ń pa ìsọkúsọ rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Lórí ti Yorùbá, ojú ènìyàn ló ń ṣọ́ ọ, ojú náà kò sì pọ̀. Àṣìṣe lè jókòó pẹ́ lórí ojúewé ìlú tí èèyàn kì í sábà yà sí.

Síbẹ̀ àwọn kan ń yà síbẹ̀. Bí wọ́n bá bá "Ifo" lórí ìlà, láìsí àmì, tí ẹnì kan sì fi àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn sí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn, àyè kan ni "o" lásán ń gbà nínú ẹ̀rọ, márùn-ún ni "ọ̀" ń gbà. Ohun tí ìtàn ojúewé yóò fi hàn nípa rẹ̀ kò ju +4 kékeré lọ, ní àwọ̀ ewé. Àyè mẹ́rin péré, orúkọ ìlú sì ti ní ohùn.

Ọmọbìnrin náà ti ń da nọ́ńbà kọ. Ó dúró lórí 7, ó yíjú.

"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé iye yìí péye?"

Ọlọ́ṣọ́ọ̀bù fi ìwé tó ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo ojú kọ̀ǹpútà. "Ọdún wo ni wọ́n kọ sí i?"

"2006, sà."

"Kọ ọdún náà mọ́ ọn."

Kò sí àyè mọ́ lórí ìlà. Ó gbé bírò sókè nọ́ńbà náà, ó sì há 2006 sí èjìká 7, ní lẹ́tà kóńkóló.